Káríà Aláwọ̀ Eérú ní Ọjà Pessu

Àwọ̀ eérú ni. Aṣọ rẹ̀ nípọn bíi ti ṣòkòtò jíǹsì, ó sì ti ṣá lókè, níbi tí itọ́ àti àgbọ̀n àwọn ọmọ tó ti kọjá nínú rẹ̀ ti máa ń kàn án. Bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, fóòmù sì wà nínú rẹ̀. Okùn èjìká méjì ló ní, ìdè oníke mẹ́ta, àti aṣọ pẹlẹbẹ kan lókè pátápátá tí wọ́n fi ń ti orí ọmọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè ọwọ́ òsì, ẹnìkan ti fi òwú dúdú rán ibi tó fẹ́ já. Níbi tó yẹ kí lébẹ́ẹ̀lì wà, kìkì ìdí òwú ló kù. Wọ́n ti gé e. Ọmọ oṣù mẹ́ta kan wà nínú àpò náà, ó ń sùn. Ìyá rẹ̀ dúró nínú ọjà Pessu, ní ìlú Warri, ó ń ná ẹja gbígbẹ.

Bébì káríà ni àwọn ìyá òde òní ń pè é. Ẹlòmíràn á ní àpò ìgbọ́mọ. Orúkọ yòówù kó jẹ́, iṣẹ́ tí ọ̀já ti ń ṣe láti ayébáyé ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún: kí ọmọ wà lára ìyá, kí ọwọ́ ìyá méjèèjì sì ráyè. Mo dúró wò ó dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ lójú mi tó jẹ́ kí n rí i pé iṣẹ́ ọ̀já àti ti àpò yìí lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ìyá yàtọ̀ síra.

Pessu wà nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Warri, ní Ìpínlẹ̀ Delta, ọjà rẹ̀ kò sì jìnnà sí odò. Òórùn ẹja ló kọ́kọ́ pàdé mi, lẹ́yìn náà ni ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Edé wà nílẹ̀ lókìtì lókìtì, ìṣáwùrú wà nínú bàsíà, epo pupa wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Píjìn ni gbogbo ọjà fi ń ná nǹkan. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìyá Itsekiri méjì bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, etí ọmọ Yorùbá á nà, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ń dún bí ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Ohun tí àwa ń pè ní ọmọ, ọma ni wọ́n ń pè é. Omawumi, olórin tí wọ́n bí ní Warri ní 1982, orúkọ rẹ̀ kò nílò ògbifọ̀ lọ́dọ̀ wa: ọmọ wù mí ni.

Ọmọ sì wù wọ́n lóòótọ́ ní ọjà yẹn. Ibi gbogbo ni wọ́n wà. Ọ̀kan ń sùn nínú páálí lábẹ́ tábìlì, wọ́n fi aṣọ tín-ín-rín bò ó nítorí eṣinṣin. Ọ̀kan ń rá kòrò láàárín àwọn àpò gàrí. Àwọn yòókù, ẹ̀yìn ìyá wọn ni wọ́n wà.

Ìyá kan tó ń ta edé fẹ́ pọn ọmọ tirẹ̀ ní ìṣojú mi. Ó tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ bíi pákó. Ó gbé ọmọ gba ìhà kọjá, ó fi ọwọ́ kan tì í mú, ọmọ náà sì fúnra rẹ̀ ya ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ìbàdí ìyá rẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ tó lẹ̀ mọ́ igi. Ìyá gbé ìró bò ó láti ẹ̀yìn, ó fà á títí ó fi le, ó kì í bọ ara lókè ọyàn. Ó wá mú ọ̀já, ó gbà á sábẹ́ ìdí ọmọ, ó sì so ó níwájú. Ó gbọn ara lẹ́ẹ̀mejì, bí aláàárù tó ń wò bóyá ẹrù ti jókòó. Kí n tó ṣẹ́jú mélòó kan, ó ti nàró, ó ti ń wọn edé fún oníbàárà.

Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀nà yìí sínú ìwé fún un. Ọmọdé tó ń fi àkísà pọn ọmọlangidi, tó tún wá ń pọn àbúrò rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ara rẹ̀ ti kọ́ ọ kí orí rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ń kọ́ nǹkan. Ìyá kò rí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ó ń mọ̀ ọ́n lára. Ó mọ èémí rẹ̀ ní àárín èjìká. Bí ó bá wọ́ sísàlẹ̀, ìbàdí á sọ fún un. Ohun kan tún wà tí a kì í kà sí: ojú ọjà wà níbẹ̀. Bí orí ọmọ bá fẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá há sínú aṣọ, ẹni tó ń kọjá á ké sí i pé, “Ìyá ọmọ, ẹ tún ọmọ yín pọ̀n.” Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí náà á bá a gbé e sókè. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ìyá kò ní ojú lẹ́yìn, nítorí náà gbogbo ènìyàn ló ń bá a wò.

Ọmọ inú àpò aláwọ̀ eérú yẹn kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Iwájú ìyá rẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé ìyá ń wò ó. Ìyá náà sì rò bẹ́ẹ̀.

Màmá Itsekiri tó ń ta ẹja ló já èrò náà. Owó ọjà ni wọ́n ṣì ń fà, tí Màmá fi dákẹ́, tó na ìka sí àpò náà.

“My pikin, abeg, im nose dey where?”

“E dey sleep, Mama.”

“I hear. Im nose, I say.”

Ìyá ọmọ wolẹ̀. Fìlà ló rí. Ọmọ náà ti rì sínú àpò débi pé etí àpò bá a ní iwájú orí. Nígbà tó fi ìka ya aṣọ sílẹ̀, ó rí i pé ọrùn ọmọ ti ká, àgbọ̀n rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ àyà. Màmá nu ọwọ́ ẹja sára ìró rẹ̀, ó bọ́ sí iwájú, ó gbé ìdí ọmọ sókè pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi èkejì gbé àgbọ̀n rẹ̀ kúrò láyà. Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Èémí náà gùn, ó sì dún sí wa létí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ èémí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ káríà. Orí ọmọ tuntun wúwo. Bí a bá wọn ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀, orí nìkan á gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọrùn tó gbé e kò tíì le, ọ̀nà èémí tó wà nínú rẹ̀ sì rọ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti fi rọ́bà fa kẹrosíìnì rí mọ̀ pé bí rọ́bà bá ká níbì kan, kò sí ohun tó máa kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ọrùn ọmọ rí bí àgbọ̀n bá lẹ̀ mọ́ àyà. Àgbàlagbà tí ọrùn rẹ̀ ká lójú oorun á ta jí, á tún orí ṣe. Ọmọ oṣù méjì kò ní agbára yẹn. Kò ní ké, nítorí pé igbe nílò èémí. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú àpò kì í fi í ṣe ọmọ tí a lè fi ọkàn balẹ̀ lé lórí láìwò ó.

Ní oṣù kẹta ọdún 2010, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà títà ní Amẹ́ríkà kéde fún àwọn òbí pé àwọn ti ṣe ìwádìí ikú ọmọ tó tó 14 láàárín ogún ọdún nínú àpò ìgbọ́mọ aláṣọ tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká kan. Àwọn 12 nínú wọn kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Àjọ náà sọ pé bí imú àti ẹnu ọmọ bá há mọ́ aṣọ, ó lè gbẹ́mìí mì láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ní oṣù yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ Infantino gba àpò tó tó mílíọ̀nù kan padà lọ́jà. Irú àpò tó ń rọ̀ bíi hámọ́ọ̀kì ni àwọn yẹn, ọmọ á sì ká sínú rẹ̀ bí ẹyin inú ìtẹ́. Àpò tó wà ní Pessu yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ọmọ ń dúró ṣánṣán nínú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ okùn rẹ̀ di dẹngbẹrẹ, yóò rọ̀ bíi ti àwọn yẹn ni.

Ọmọ Iléṣà ni ìyá ọmọ náà, Èkó ló dàgbà sí, Warri ni ọkọ gbé e wá. Nígbà tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i, n kò mọ ọmọ pọ̀n. Èmi ni àbíkẹ́yìn nílé wa, n kò pọn ẹnikẹ́ni rí. Bí mo bá ti tẹ̀ síwájú báyìí, àyà mi á já pé ó máa ṣubú.” Òun nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó dàgbà nínú fúláàtì kò rí àbúrò pọ̀n. Àpò yìí ló wá gbà wọ́n sílẹ̀. Kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀, bí ẹni tó gbé e kọ́rùn bá mọ ohun tí àpò kò lè ṣe fún un.

A kúrò lójú ọ̀nà, a lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀ Màmá. Ìyá ọmọ jókòó kó tó tú ohunkóhun, nítorí pé ọmọ lè já bọ́ nígbà tí a ń gbé e sínú àpò tàbí nígbà tí a ń yọ ọ́ kúrò. Màmá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò òfìfo náà wá dùbúlẹ̀ lórí orúnkún ìyá ọmọ, mo sì lè rí i tán láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Bẹ́líìtì ni ìpìlẹ̀. Ìdí ni ìyá ọmọ so ó mọ́, lábẹ́ ibi tí ìbàdí ti ṣe gọngọ, ìyẹn ni ọmọ ṣe wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. A gbé e wá sókè ìbàdí, ní ìlà ìdodo, a sì fà á títí kò fi yí mọ́. Ibi tí bẹ́líìtì bá wà ló máa sọ ibi tí orí ọmọ máa dé. Bí ìyá bá tẹ orí ba díẹ̀, ètè rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè kan iwájú orí ọmọ láìnà ọrùn. Bí kò bá lè fẹnu kò ó lórí, ọmọ wà nísàlẹ̀ jù.

Okùn èjìká méjèèjì kò dọ́gba. Èyí tó wà lápá òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ ní ìka mẹ́rin, ara ọmọ sì ti wọ́ sápá kan. Ńṣe ló yẹ kí a fa méjèèjì dọ́gba lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé, kì í ṣe kó tó wọlé. Àpò gbọ́dọ̀ gbá ọmọ mọ́ra bí ọwọ́ ìyá ṣe ń ṣe é. Bí ìyá bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, tí àyà ọmọ bá kúrò lára tirẹ̀, okùn ti rọ̀. Ẹ̀yìn ọmọ nínú àpò tó rọ̀ á wó lulẹ̀, ìgbà tí ẹ̀yìn bá wó ni àgbọ̀n ń lọ bá àyà. Gbogbo wọn ló so kọ́ra. Ọrùn tí Màmá rí, láti ibi bẹ́líìtì ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà jáde fẹ̀. Fún ọmọ ọdún kan, ó dára; fún ọmọ jòjòló, ihò ni, ọmọ kékeré sì ti gba irú ihò bẹ́ẹ̀ já bọ́ rí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é fi ń kọ ìwọ̀n sára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń sọ pé kí ọmọ wọn tó nǹkan bí kílógíráàmù mẹ́ta àbọ̀ kó tó wọ inú rẹ̀. Ní 2014, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin pé kí wọ́n dán irú àpò yìí wò kó tó dé ọjà: bóyá ìdè rẹ̀ lè já, bóyá ojú rírán rẹ̀ lè ya, bóyá ọmọ lè gba ibi ẹsẹ̀ yọ. Lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gé dànù lára ti Pessu, ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀nyí máa ń wà.

Ìjókòó ọmọ ni mo wò pẹ́ jù. Aṣọ tó gbé ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ láti kòtò orúnkún kan dé èkejì, kí itan ọmọ lè jókòó lé e. Orúnkún gbọ́dọ̀ ga ju ìdí lọ. Bí a bá wò ó láti iwájú, ẹsẹ̀ ọmọ á ya lẹ́tà M. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i, nítorí pé ọ̀pọ̀lọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá elédé ni mo tún rí. Àpò tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín itan, tí ẹsẹ̀ ọmọ fi ń rọ̀ jọwọrọ bí ṣòkòtò tí a sá sórí okùn, kò bá ìbàdí ọmọ jòjòló mu, nítorí pé orí egungun itan rẹ̀ kò tíì jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀. Ní 2015, àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Malawi kọ ìwé kan nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn egungun ọmọdé. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àìsàn kí egungun itan yẹ̀ lára ọmọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀, wọ́n sì dábàá pé ọmọ pípọ̀n lè wà lára ohun tó fà á. Ohun tí ìyá elédé ń ṣe láìrò ó, òun ni wọ́n ń rọ àwọn ìyá ilẹ̀ òkèèrè pé kí wọ́n gbìyànjú.

Ìdè oníke mẹ́ta ló kù. Méjì nínú wọn ró páù nígbà tí a tì wọ́n bọ ara. Ẹ̀kẹta, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n fi òwú dúdú rán, wọlé láìró. Mo fà á díẹ̀, ó yọ.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Ibo lẹ ti rà á?” ni mo bi í.

“Òkirikà ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó tà á fún mi ní láti òyìnbó ló ti wá, pé kò lè bàjẹ́.”

Láti òyìnbó ló ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ann Moore wá ṣiṣẹ́ ní Togo lábẹ́ ẹgbẹ́ Peace Corps. Ó rí i bí àwọn ìyá Togo ṣe ń pọn ọmọ lọ sọ́jà, lọ sóko, bí ara àwọn ọmọ náà sì ṣe balẹ̀. Nígbà tó padà délé, tó bí ọmọbìnrin tirẹ̀ ní 1964, ó gbìyànjú láti fi aṣọ pọ̀n ọ́n bó ṣe rí i lára wọn, ṣùgbọ́n ọmọ ń yọ́ bọ́. Ó ké sí ìyá rẹ̀, Lucy Aukerman, pé kó bá òun rán àpò kan tó máa di ọmọ mú. Àpò náà ni wọ́n sọ ní Snugli. Ní 1969 ni ìjọba fún Ann Moore ní ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí rẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni àpò ìgbọ́mọ ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí po. Ọgbọ́n ìyá Togo ló wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n fi bẹ́líìtì sí i, wọ́n fi ìdè oníke sí i, wọ́n kọ ìwé ìlànà mọ́ ọn, nítorí pé ara obìnrin ibẹ̀ kò kọ́ ọ láti kékeré. Àpò náà tún wá wọ inú ìdì aṣọ àlòkù, ó gba orí òkun padà sí etí odò Warri, ó bọ́ sọ́rùn ọmọ Yorùbá tí ara tirẹ̀ náà kò kọ́ ọ mọ́. Ìwé ìlànà kò bá a padà. Lébẹ́ẹ̀lì kò bá a padà. Ohun tó sì ń dípò méjèèjì fún ìyá elédé, ìyẹn ẹ̀yìn tó mọ̀ àti ojú ọjà tó ń báni wò, kò sí lára àpò tó wà níwájú.

Kí a má sọ pé ọ̀já kò ní àbùkù tirẹ̀ o. Ìyá tó fi aṣọ bo ọmọ dé orí nítorí òtútù tàbí oòrùn, òun náà ti dí imú ọmọ. Ooru Warri kì í sì í ṣe eré. Ara ìyá pẹ̀lú aṣọ mẹ́ta tó wà lára ọmọ ti tó iná. Aṣọ tín-ín-rín kan ti tó ọmọ nínú àpò, kí ìyá sì máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀: bí ibẹ̀ bá ń jó, tí òógùn bá rin ín, kó yọ ọ́ síta. Bí ó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ láti fún un lọ́mú, kó rántí gbé e padà sókè nígbà tó bá mu tán, nítorí pé oorun ọmú lè mú ọrùn ká. Ọmọ tí a bí láìpé oṣù tàbí tí òtútù dí ní imú, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Àwọn ibì kan wà tí àpò kò gbọ́dọ̀ dé, bó ti wù kó le tó. Màmá na ọwọ́ sí obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́nu ọjà, tí òróró ń ta pàrà níwájú rẹ̀. Ọmọ tó wà níwájú ìyá ni òróró máa kọ́kọ́ bá. Inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá pàápàá, àpò kì í ṣe bẹ́líìtì ọkọ̀: bí kẹ̀kẹ́ bá gbá nǹkan, àárín irin àti àyà ìyá ni ọmọ máa há sí. Èyí tó bá Warri mu jù ni ti ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó ń lọ sí Ode-Itsekiri tàbí Escravos ń wọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ lára. Ẹni tó so ọmọ mọ́ àyà nínú ọkọ̀ omi ti so kádàrá méjì pọ̀. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ta ló máa ráyè tú ìdè mẹ́ta lábẹ́ omi? Ọwọ́ ni kí a fi gbé ọmọ nínú ọkọ̀, kí ìyá wọ jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kí ọmọ náà ní èyí tó bá ara rẹ̀ mu.

Pẹ̀lú gbogbo ìkìlọ̀ yìí, n kò ní sọ fún ìyá kankan pé kó gbé ọmọ kúrò láyà. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Ghana, India, Malawi, Nàìjíríà àti Tanzania lórí ọmọ 3,211 tí wọ́n wúwo láàárín kílógíráàmù kan sí bíi méjì dín díẹ̀ nígbà tí wọ́n bí wọn. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, wà lára àwọn tó ṣe é. Àwọn ọmọ tí wọ́n so mọ́ àyà ìyá wọn, ara kan ara, láìpẹ́ tí wọ́n bí wọn, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí ibòmíràn títí ara wọn fi dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Àyà ìyá ń gba ẹ̀mí là. Ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń so ọmọ mọ́ àyà bẹ́ẹ̀, ohun tí Màmá ṣe ní Pessu ni àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe: ọmọ á dúró ṣánṣán láàárín ọyàn, orí á yí sápá kan, àgbọ̀n á gbé sókè.

Ìyá ọmọ náà kò gbé àpò yẹn kọ́rùn mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìdè tí kò ró kò ṣeé fọkàn tán, òwú dúdú kò sì lè gbé ohun tí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ rán. Màmá tú ìró òkè tirẹ̀, ó ní kó tẹ̀ síwájú. Ọmọbìnrin náà tẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ gba ìhà kọjá, ó ya ẹsẹ̀ mọ́ ìbàdí rẹ̀ bí ẹni pé ó ti mọ̀ ọ́n láti ọ̀run wá. Màmá fa aṣọ, ó fà á sí i, ó mú ọwọ́ ọmọbìnrin náà lọ síbi tó yẹ kó ti so ó. Ó gbọn ara lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín, ó tún un gbọ̀n. Ó ní òun máa ra káríà mìíràn tó bá rówó, èyí tó ní lébẹ́ẹ̀lì lára tí ìdè rẹ̀ sì ń ró, nítorí pé kò sí bí òun ṣe lè máa tẹ kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ẹni tó gbé e pọ̀n sì ni láti mọ̀ ọ́n fún un. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá tó ń lo káríà náà, kí àpò wà lókè ìbàdí, kó le, kí ẹnu yín lè kan orí ọmọ, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì máa rí imú rẹ̀ láìfi ọwọ́ ya aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ọmọ, ẹ má ṣe rò pé ìyá tó gbé ọmọ síwájú ń rí i. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, ẹ bi í léèrè ohun tí Màmá bi ọmọ Iléṣà yẹn ní Pessu: imú ọmọ dà?